Ìdẹ Tí Kì í Kọ́ Igi

Lẹ́bàá adágún Pinckard tiwa ní Alabama níbí, a kì í sun igi Kérésìmesì tó bá ti gbẹ. Tó bá di oṣù kìn-ín-ní, kálukú á so bíríkì mọ́ tiẹ̀ nídìí, á gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, á lọ rì í síbi tí ẹnì kankan ò mọ̀, kí ẹja lè rí igbó sá pamọ́ sí. Ibi tí ọkùnrin bá rì í sí, kì í sọ ọ́ fún ìyàwó, kì í sì í sọ ọ́ fún pásítọ̀.

Harlan Stegall, tó ń ta ìwọ̀ àti ìdẹ létí omi, fi òru rì mẹ́tàlá lọ́dún yìí. Ìgbà tó délé ló tó mọ̀ pé ìkẹtàlá kì í ṣe igi gidi. Igi onírin tó ń dán bíi fàdákà, tí áńgẹ́lì kékeré wà lórí rẹ̀, ni, èyí tí ìyá ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, tí Maudine ìyàwó rẹ̀ gbé síta láti nù ún. Maudine ní olè ló jí i. Láti ìgbà náà, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbàdúrà kí Ọlọ́run tú àṣírí olè, àmín ti Harlan ló sì ń ròkè jù.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìdíje ẹja àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wáyé nígbà tí Odell Pugh, àbúrò Maudine, wọlé, tó lọ tààrà sídìí ìkòkò ẹ̀pà sísè tó wà lórí káńtà. Odell yìí ló wa ọkọ̀ ojú omi kúrò ní èbúté lọ́jọ́sí láìtú okùn rẹ̀, tó fa pákó èbúté tẹ̀lé ara rẹ̀ lọ sáàárín omi.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Harlan."

"Odell. Títà ni ẹ̀pà yẹn o."

"Mo ń tọ́ ọ wò ni."

"O ti ń tọ́ ọ wò láti ọdún mẹ́rin."

"Iyọ̀ rẹ̀ ni mi ò tíì lè sọ pé ó tó." Ó mú ẹ̀kúnwọ́ mìíràn. "Ìdẹ ni mo wá rà, Bọ̀dá. Mo fẹ́ ṣe ipò kìn-ín-ní ní Sátidé."

"Ìwọ? Kí lo mú lọ́dún tó kọjá?"

"Fìlà Pásítọ̀. Ó sì tóbi. Wọn ò kàn gbà kí n gbé e sórí òṣùwọ̀n ni."

Harlan fa àga fún un. Kò sí ohun tó dùn mọ́ Harlan tó kó rí ẹni tí kò mọ nǹkan.

"Jókòó, kí n là ẹ́ lójú. Ẹja báàsì ò tíì yé ẹyin báyìí. Omi ṣì tutù. Àwọn abo ti gbé ẹyin sínú, ikùn wọn ti wú. Etí omi níbi tí oòrùn ń pa ni wọ́n fẹ́ lọ yé e sí, àmọ́ àsìkò ò tíì tó, wọ́n wá dúró lójú ọ̀nà."

"Bíi Sístà Maudine nígbà tí wọ́n fẹ́ bí Clovis. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sínú mọ́tò."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ebi sì ń pa wọ́n."

"Ebi pa Sístà Maudine náà."

"Fi Maudine sílẹ̀. Inú igbó abẹ́ omi ni wọ́n ń dúró sí, edé pupa ni wọ́n sì ń jẹ. Ìdẹ tí mo máa fún ẹ wà lọ́wọ́ ibi tó o bá fẹ́ lọ. Ibo ni?"

Odell wo ẹ̀yìn, ó wo abẹ́ káńtà, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kankan. Sístà Maudine ra ẹ̀rọ tó ń fi ìsàlẹ̀ omi hàn fún mi lọ́jọ́ ìbí mi. Mo rí igbó kan lẹ́yìn itẹ́ òkú àwọn Mẹ́tọ́díìsì, níbi tí afárá ti wó yẹn. Igbó tó ki, Bọ̀dá. Igi mẹ́tàlá. Mo kà á."

Igbó tí Harlan rì gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ lòun náà fẹ́ lọ ní Sátidé. Ó ti kan ìṣó sára ògiri lókè káńtà síbi tó máa gbé àmì ẹ̀yẹ kọ́. Ó dìde, ó já ìdẹ kan tí wọ́n ṣe bí ẹja oníke, tó láwọ̀ pupa, lára ògiri.

"Ibi tó dáa ni. Ìdẹ ibẹ̀ rèé. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta lábẹ́ ikùn, ẹlẹ́nu mẹ́ta nídìí ìrù."

"Ẹnu mẹ́fà nínú igbó? Kò ní kọ́ igi?"

"Igi máa ń yà fún un."

"Igi tí wọ́n so bíríkì mọ́ nídìí?"

"Odell, ta ló ń ta ìdẹ nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kó owó wá."

Odell ti ọwọ́ bọ àpò. "Kó tiẹ̀ kọ́ igi, kò séwu. Mo ti ra okùn tuntun. Ẹni tó tà á fún mi ní ó lè fa màlúù. Ohunkóhun tí ìwọ̀ bá ti kọ́, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni mo máa fi fà á jáde. Mo tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Ẹ wo ohun tó bá ìwọ̀ mi wá."

Ó gbé ewé kan lé káńtà. Ewé náà tín-ínrín, ó ń dán bíi fàdákà. Harlan ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bò ó.

"Kí nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Èmi gan-an ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé igi fàdákà máa ń hù lábẹ́ omi ni?"

"Ó ń hù."

"Lóòótọ́?"

"Níbi tó bá jìn. Ìwé ò kọ ọ́, àmọ́ àwa tá a ti pẹ́ lórí omi mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ fi han Sístà Maudine."

"Má fi nǹkan kan han Maudine. Májèlé ni."

"Áà. Mo ti fi tayín."

"Kò ní pa ẹ́. Maudine ló máa pa." Harlan já ẹja oníke náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Dá èyí padà."

"Ẹ ní igi máa ń yà fún un."

"Igi gidi ni mò ń sọ."

"Igi wo ni kì í ṣe gidi?"

Harlan ju ẹja oníke náà sórí káńtà. Ó yọ ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà kan jáde. "Èyí ló tọ́ sí ẹ. Ojú omi ló máa ń wà. Kì í lọ sísàlẹ̀ rárá, kì í kan nǹkan kan."

"Bọ̀dá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní omi tutù, ẹja wà nísàlẹ̀. Ẹja wo ló máa gòkè wá jẹ ọ̀pọ̀lọ́ nínú òtútù?"

"Ẹja tó bá nígbàgbọ́."

"Mo lo ọ̀pọ̀lọ́ lọ́dún tó kọjá. Aláìgbàgbọ́ ló pọ̀ jù nínú omi yìí."

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ fún Harlan. Tó bá ta ìdẹ tó ń kọ́ igi fún àna rẹ̀, igi ìyá Maudine á jáde síta. Tó bá ta èyí tí kì í kọ́ igi, ẹja tó ti ń fi igbó sìn láti oṣù kìn-ín-ní á wọ ọkọ̀ Odell, ìṣó ara ògiri á sì wà lófìfo. Ó wo ìṣó náà. Ó wo fìlà tó bo ewé. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fa dúrọ́ọ̀ tó máa ń tì pa.

"Sún mọ́ mi. Ekòló rọ́bà rèé. Ṣé o rí ẹnu ìwọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò rí i."

"Inú ara ekòló ló wà. Òjé ṣóńṣó yìí ló ń ṣíwájú ẹ̀. Ó máa yọ́ gba àárín ẹ̀ka kọjá, kò ní kan nǹkan kan. Ìgbà tí ẹja bá ti pa ẹnu dé ló máa mọ̀ pé ìwọ̀ wà níbẹ̀."

Odell yẹ̀ ẹ́ wò. "Ó jọ àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tẹ́ ẹ bá wo ojú wọn, ẹ ò ní rí nǹkan kan."

Harlan wúkọ́. "Èyí olórí òjé ló tún dáa jù. Wò ó, ó wọ yẹ̀rì pupa bí edé. Irun líle yìí ló ń ṣọ́ ẹnu ìwọ̀, kì í jẹ́ kó kọ́ igi. Jẹ́ kó máa tibi ẹ̀ka bọ́ sórí ẹ̀ka. Gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Dúró. Tó o bá gbọ́ tó wúwo lọ́wọ́ ẹ, ẹja ni."

"Tó bá wá jẹ́ igi ńkọ́?"

"Gé okùn."

"Okùn tuntun?"

"Gé e. Má fà á. Màá fún ẹ ní okùn mìíràn."

"Èló ni gbogbo ẹ̀?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

Odell ò jẹ ẹ̀pà mọ́. Harlan tá a mọ̀ yìí, ó ti gbowó iyàrá ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ Pásítọ̀ rí.

"Ọ̀fẹ́, Bọ̀dá?"

"Àna ni wá."

"Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tá a ti jẹ́ àna."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó dáadáa ni."

"Kí n mú méjì?"

"Mú mẹ́wàá."

"Èyí tí ẹ há mọ́ fìlà yín ńkọ́?"

Harlan ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Òun ló fi mú báàsì tó tóbi jù láyé rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ewé wà lábẹ́ fìlà náà. Ó tú ìdẹ kúrò níbẹ̀, ó sì nà án sí i. Ó dùn ún dọ́kàn.

"Gbà. Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kó o má fa nǹkan kan jáde níbẹ̀ àfi ẹja."

Odell kó gbogbo rẹ̀ sápò, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì ju ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta lò ń juwọ́ sí?"

"Sístà Maudine."

"Maudine wà níta?"

"Nínú mọ́tò, láti ìgbà tí mo ti wọlé. Àwọn ló rán mi wá. Wọ́n ní, 'Odell, fi ewé yẹn han Harlan. Tó bá rí i tó ṣì ta èyí tó ń kọ́ igi fún ẹ, tó gbowó ẹ, ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Àmọ́ tó bá fún ẹ ní èyí tí kì í kọ́ igi, tó tún wá ní ọ̀fẹ́ ni, juwọ́ sí mi.'"

Harlan jókòó sórí garawa tí ẹja kéékèèké wà nínú ẹ̀, omi sì rin ín dé ìdí.

"Igi yẹn ńkọ́?" ló fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè.

"Ó ti wà nílé látàná. Lódidi ni mo fà á jáde. Ó tiẹ̀ ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi bíi pé ẹja bá wọn nù ún. Ẹni tó rì í nìkan ni a ò mọ̀." Odell họrí. "Wọ́n tún ní kí n pa òwe kan fún yín, mo ti gbàgbé ìparí ẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni tolè..."

"Ọjọ́ kan ni tolóhun," Harlan ní. Kò lè rí ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀ kó má kọ́ ọ.

"Òun náà nìyẹn. Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Áńgẹ́lì orí igi nìkan ló ṣì wà nísàlẹ̀."

Níta, ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé. Bàtà obìnrin ń bọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Harlan fò dìde, ó na ọwọ́ sí ẹja oníke ẹlẹ́nu mẹ́fà.

"Mo máa lọ fa áńgẹ́lì yẹn jáde báyìí. Sọ fún un pé mo ti lọ."

Odell gba ìdẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e padà sára ògiri, sórí ìṣó tó ṣófo yẹn.

"Mo ti bá yín bẹ Sístà Maudine, wọn ò gbà. Wọ́n ní áńgẹ́lì kì í jẹ ìdẹ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wọ omi lọ mú un, láàárọ̀ Sátidé, níṣojú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì." Ó mú ẹ̀pà kan sí i. "Ẹ má da ara yín láàmú nípa àdúrà. Àwa tá a bá wà létí omi ló máa ṣe àmín."