Jíìpù Tó Kúnlẹ̀ Níwájú Ìjọ

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí ọkàn mi kò ní gbàgbé láéláé, bí mo tilẹ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ mi. Ọjọ́ náà ni jíìpù kan kúnlẹ̀ níwájú ìjọ Ọlọ́run ní Agbowó, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo "Halelúyà", tí èmi nìkan sì mọ̀ pé wàhálà ló dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo lè fi í rẹ́rìn-ín lónìí. Lọ́jọ́ náà, inú ń bí mi débi pé n kò lè ṣe àmín.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Aṣọ ilé-ìwé ni mo mọ̀ ọ́n rán jù, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bódìjà. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé-ìwé ńlá kan ní Baṣọ̀run fẹ́ pààrọ̀ aṣọ gbogbo àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò rán an. Obìnrin tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, inú ìjọ kan náà la wà. Màmá Olùdarí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ mi kò ní sinmi títí ọdún yóò fi yí po. Bí kò bá bọ́ sí i, n ó máa bá a lọ bí mo ti ń ṣe, kí n máa lẹ ìdí ṣòkòtò tó ti ya fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì. Mo gbàdúrà lórí iṣẹ́ náà, mo gbààwẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n mo ní kí n ran Ọlọ́run lọ́wọ́ díẹ̀.

Ọkọ̀ tí mo ní kéré, ó sì ti gbó. Okùn ni mo fi so bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bí mo bá sì ń gun òkè, ṣe ni èéfín máa ń jáde nídìí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yan ẹja. Mo rò ó nínú ara mi pé: ta ni yóò kó aṣọ odindi ilé-ìwé lé ẹni tó ń wa irú èyí lọ́wọ́? Inú èrò yìí ni mo wà tí mo fi bá Àlàájì kan pàdé ní Ring Road. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní jíìpù dúdú kan níbẹ̀, irú èyí tí àwọn olówó ńlá ń gùn nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Awọ ni ìjókòó rẹ̀, gíláàsì ni òrùlé rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa ń pa dé jẹ́jẹ́ bí ẹnu ẹni tó ti yó.

"Ẹ kò ní rà á," ni Àlàájì wí. "Ẹ ó kàn háyà rẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ ó máa san owó lóṣooṣù. Ọkọ̀ ṣì jẹ́ tèmi, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin kàn ń jayé orí yín."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́, Àlàájì?"

Wọ́n húkọ́ díẹ̀. "Ẹni tó ń gun ẹṣin náà ló ń fún un ní koríko."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àgbà mọ̀rọ̀ọ́ sọ. N kò mọ̀ pé wọ́n ti dájọ́ fún mi ni.

Nígbà tí mo gbé e délé, ìyàwó mi jáde síta, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá Ìbùkún, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aránṣọ, ṣé ẹ kò mọ̀ nípa ṣòkòtò àgbàwọ̀ ni? Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni."

Mo ní, "Màmá Ìbùkún, ọkọ̀ là ń wí. Ta ló sọ̀rọ̀ ṣòkòtò?"

Ó ní, "Ó dáa. Àlàáfíà ni o." Ó sì wọlé lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ ohun tí irú "Àlàáfíà ni o" bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Ọjọ́ kejì ni ayé yí padà sí mi. Epo tí ọkọ̀ mi àtijọ́ fi ń lọ, tí ó fi ń bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, jíìpù yìí mu ún láàárín Bódìjà sí Dùgbẹ̀, ó sì tún tan iná pupa pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo gbé e lọ sí ọjà Bódìjà. Ìyá tó ti ń ta ata fún wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wo jíìpù, wọ́n wò mí, wọ́n sì kó ata tí wọ́n ti bù ṣe èènì fún mi padà sínú igbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, onílé wa wá kí mi kú oríire. Wọ́n jókòó pẹ́, wọ́n súre púpọ̀, nígbà tí wọ́n sì ń dìde lọ, wọ́n ní, "A ó jọ sọ̀rọ̀ lórí owó ilé yẹn o." Mẹ́káníìkì mi kọ̀, kò fọwọ́ kàn án rárá, ó ní kí n lọ bá àwọn tó mọ irú rẹ̀ ní Ìwó Road. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ kò bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọ̀gá, irú iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìdúró rẹ̀. Jíìpù yìí kò lo ṣọ́ọ̀kì onírin bí ọkọ̀ àwa mẹ̀kúnnù. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gbé e dúró. Ìgbà tí rọ́bà náà ṣì jẹ́ tuntun, ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á rò pé orí àwọsánmà lòun wà. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti gbó, ó ti gbó náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde. Bí mo bá jí láàárọ̀, n ó bá a tó ti fi ikùn lélẹ̀ bí ewúrẹ́ tó jẹko yó. Bí mo bá ṣáná sí i, á kérora, á wá máa dìde díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń kúrò nídìí ayò. Mẹ́káníìkì Ìwó Road sọ owó rọ́bà tuntun fún mi. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wa jíìpù náà lọ sílé.

Ní ìjọ wa, bí ẹnikẹ́ni bá gba ohun tuntun, ìbáà jẹ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ ilé, ìbáà jẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, ìjọ gbọ́dọ̀ gbàdúrà sí i. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ pamọ́, wọ́n á ní ó fi ògo Ọlọ́run pamọ́. Díákónì ni mí, n kò lè dúró níwájú Ọlọ́run kí n máa dúpẹ́ ohun tí kì í ṣe tèmi. Nítorí náà, ẹ̀yìn ilé epo tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń gbé jíìpù sí, n ó sì fẹsẹ̀ rìn dé. Ṣùgbọ́n Màmá Dọ́kásì rí mi. Àgbà obìnrin ni wọ́n, ohùn wọn kò sì nílò makirofóònù.

"Díákónì! Mo rí yín lókè lọ́hùn-ún lánàá, ẹ jókòó bí ọba!"

"Màmá, kì í ṣe tèmi. Mo háyà rẹ̀ ni."

Wọ́n ṣán ọwọ́. "Ẹ ò rí i! Ìrẹ̀lẹ̀! Ká ní ẹlòmíràn ni, gbogbo Agbowó ni ì bá ti máa fun fèrè rẹ̀ kiri."

Mo sáré lọ bá Pásítọ̀. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì kan ló ni ọkọ̀ yẹn. Mo yá a ni."

Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní, "Díákónì, ta ló ni nǹkan kan láyé yìí? Èémí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí, ṣebí a yá a ni."

Bí mo bá jiyàn, á dà bí ìgbà tí mo ń bá ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ jà. Mo ṣàlàyé fún akọrin, mo ṣàlàyé fún aṣọ́nà. Bí mo ti ń sọ òtítọ́ tó ni ìrẹ̀lẹ̀ mi ń pọ̀ sí i lójú wọn. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ọ̀dọ́ kan sì lọ gbé jíìpù wá síwájú géètì ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ìsìn ti parí ni gbogbo ìjọ tú jáde. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n di ojú, wọ́n ní, "Olúwa, kí ọkọ̀ yìí máa sìn ọ́." Àmín kò tíì délẹ̀ tí mo fi gbọ́ "fììììì". Mo mọ ohùn yẹn bí mo ti mọ ohùn ìyàwó mi. Iwájú jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

"Ó kúnlẹ̀!" ni Màmá Dọ́kásì ké. "Ẹ wò ó! Ọkọ̀ Díákónì kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run!"

Akọrin gbé orin. Lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo ikùn rẹ̀ sì kan ilẹ̀.

"Ó ti dọ̀bálẹ̀ o!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Akọ ni!"

Mo ṣáná sí i, kò dìde. Mo tún ṣáná, ó kérora lásán. Ó ti dí géètì pa, kò sí ọkọ̀ kan tó lè jáde. Àwọn tó ń kọrin dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Mo fi fóònù pe Àlàájì pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa bọ̀. Ibi tí mo ti ń nu òógùn ni Màmá Olùdarí ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ní, "Díákónì, inú mi dùn sí yín. Kí n má purọ́, ẹ̀yin ni mo ti ní lọ́kàn láti gbé iṣẹ́ aṣọ yẹn fún. Bí mo bá ti rí ọkọ̀ yín àtijọ́ tó ń rú èéfín, àánú yín á ṣe mí. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí Ọlọ́run ti gbé yín ga, mo ní kí n fi ran arákùnrin kan tó ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù yẹn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, n kò tíì ga! Ibi tí mo wà náà ni mo ṣì wà! Mo yá a ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti gbọ́ pé ohun tí ẹ̀ ń sọ nìyẹn. Onírẹ̀lẹ̀ ni yín."

Orí ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Àlàájì fi bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà nínú jàlàbíà funfun. Wọ́n wo jíìpù nílẹ̀, wọ́n mi orí.

Pásítọ̀ ní, "Ẹ káàbọ̀, Àlàájì. Ẹ̀yin ni mẹ́káníìkì tí Díákónì pè?"

"Mẹ́káníìkì kẹ̀? Èmi ni mo ni ọkọ̀."

Gbogbo ènìyàn yíjú padà. Wọ́n wo Àlàájì, wọ́n wò mí. Ẹlòmíràn ì bá máa wá ihò tí yóò wọ̀. Èmi sáré lọ di ọwọ́ Àlàájì mú. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ tún un sọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè. Màmá Olùdarí tó wà lọ́hùn-ún yẹn kò gbọ́ dáadáa!"

Àlàájì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ohùn sókè. "Mo ní èmi ni mo ni ín! Ó háyà rẹ̀ ni! Owó oṣù yìí gan-an, kò tíì san án!"

N kò bẹ̀ wọ́n fún ti ìkẹyìn yẹn. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ ṣeun, Àlàájì. Ẹ kú iṣẹ́."

Màmá Dọ́kásì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó dáa, àdúrà tí a ti gbà ńkọ́? Orí ta ló lọ?"

Àlàájì na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n fi nu ojú. "Àmín. Mo ti gbà á."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ gan-an fara ti ògiri. Ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ ló wá wọ́ jíìpù lọ, nígbà tí mo sì wojú Àlàájì lórí ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, wọ́n rán mi létí ọ̀rọ̀ ẹṣin àti koríko. Mo san án. Mo san owó oṣù, mo ra rọ́bà tuntun sí i, mo dá a padà, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú mi sílẹ̀ nínú àdéhùn wa.

Lọ́jọ́ kejì, mo so bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi dáadáa, mo wà á lọ sí Baṣọ̀run. Ó kú sẹ́nu géètì ilé-ìwé, aṣọ́nà ló bá mi tì í wọlé. Màmá Olùdarí dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Arákùnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn ti gba aṣọ àwọn ọmọ àgbà, wọn kò sì lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní ti àwọn ọmọ kéékèèké. Mo dúpẹ́. Aṣọ wọn kì í gba òwú púpọ̀, wọ́n sì máa ń tètè ya á.

Àwọn ènìyàn ṣì máa ń bi mí bóyá ó bọ́gbọ́n mu kí èèyàn háyà jíìpù olówó ńlá tó ti gbó. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé, bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti dàgbà, owó rẹ̀ á wálẹ̀, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe rẹ̀ kì í dàgbà. Ọmọge ni títí láé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa wá koríko. Bí ẹ bá sì ń retí iṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ má ràn án lọ́wọ́.

Mo pàdé Àlàájì láìpẹ́ yìí ní Ṣálẹ́ńjì. Jíìpù dúdú náà ni wọ́n fúnra wọn ń wà, ó dúró ṣánṣán, ó ń dán. Wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀, wọ́n ní, "Díákónì! Ẹ bá mi kí Pásítọ̀ o. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbàdúrà yẹn, ọkọ̀ yìí ò tún yọ mí lẹ́nu mọ́!"

Mo fẹ́ sọ pé rọ́bà tí mo fi owó ara mi rà ni, kì í ṣe àdúrà nìkan. Ṣùgbọ́n díákónì ni mí. Mo ní, "Ògo ni fún Ọlọ́run, Àlàájì." Mo sọ̀kalẹ̀, mo tún okùn bọ́nẹ́ẹ̀tì mi so, mo sì rẹ́rìn-ín délé.