Orúkọ tí Ìyàwó Kò Gbọdọ̀ Kọ

Lánàá ni ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ẹjọ́ tó ń ti gbogbo èèyàn lójú àfi àwọn tó gbé e wá. Ilé Bámgbóṣé ló pe ìyàwó wọn, Martha, lẹ́jọ́. Martha ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú náà, kò sì tíì lo oṣù mẹ́ta lórí àga. Wọ́n fẹ́ kí Baálẹ̀ ní kó sọ̀kalẹ̀.

Martha kúnlẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ta ló bi í? Ọkọ rẹ̀ gan-an jókòó sẹ́yìn, ó ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Akínwálé, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ lábẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ìyàwó wa kọ kúẹ́rì fún mi."

"Kí lo ṣe?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ohun tó kọ ni kí ẹ wò, Bàbá. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ló kọ síbẹ̀, Akínwálé gbàgàdà. Wọ́n ti bí mi kó tó wọlé wa, ọkọ rẹ̀ ni mí. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ."

"Kí ló ń pè ọ́ nílé?"

"Agùntáṣọọ́lò."

Àwọn ìjòyè wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin náà ò ga.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà tó wọlé?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Ta ló ń fọ ìdí fún ọ?"

"Bàbá, ìyẹn kọ́ la bá wá."

"Mo ní ta ló ń fọ ìdí fún ọ?"

"Òun ni."

"Ta ló kọ́ ọ ní ABD?"

"Òun náà ni."

Baálẹ̀ yíjú sí Martha. "Kí ló dé tí o fi kọ kúẹ́rì?"

"Kí ẹ pẹ́, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọkọ mi ò dé kíláàsì rí kí aago mẹ́wàá tó lù. Àwọn ọmọ Píráímárì Síìsì fẹ́ ṣèdánwò, wọn ò tíì kọ́ ìṣirò kankan ní táàmù yìí."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," ni Akínwálé wí, "ṣùgbọ́n òun ló fà á. Ẹnu géètì ló máa ń dúró sí láàárọ̀, gbogbo olùkọ́ á sì máa kí i ní 'Ẹ káàárọ̀, mà.' Ọkọ wo ló ń kí ìyàwó bẹ́ẹ̀? Abẹ́ igi káṣú ni mo máa ń dúró sí títí á fi wọ ọ́fíìsì."

"Títí di aago mẹ́wàá?"

"Kì í tètè wọlé, Bàbá."

Mọ́gàjí Bámgbóṣé dìde láti jẹ́rìí. "Obìnrin kì í pàṣẹ fún ọkùnrin nílé wa. A ò fi ìwé obìnrin ṣe nǹkan kan."

Baálẹ̀ gbé ìwé ẹjọ́ sókè. "Ìwé tí ẹ kọ wá yìí dáa. Ta ló kọ ọ́?"

Bámgbóṣé wúkọ́. "Ìyàwó ni."

"Ìyàwó wo?"

"Martha náà ni. Òun ló ń bá wa kọ gbogbo lẹ́tà ilé."

Wọ́n ní ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para. Martha ti fi para, ó tún bá wọn tún àṣìṣe méjì ṣe nínú ìwé náà. Inú bí i sí ara rẹ̀.

Baálẹ̀ fọ̀rọ̀ lọ àwọn ìjòyè, ó sì dájọ́.

"Èèwọ̀ ni èèwọ̀. Akínwálé jàre."

Ilé Bámgbóṣé bú sẹ́rìn-ín.

"Láti òní lọ, Martha kò gbọdọ̀ kọ orúkọ Akínwálé mọ́. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí kúẹ́rì, kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí rẹ́jísítà. Ìwé tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba lóṣooṣù, pé àwọn wọ̀nyí ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, Agùntáṣọọ́lò ni kó kọ síbẹ̀. Bí ìjọba bá mọ Agùntáṣọọ́lò, wọn á san owó oṣù rẹ̀. Ní ti pé kó sọ̀kalẹ̀, ẹ lọ kọ ìwé ẹjọ́ mìíràn wá. Ẹ má jẹ́ kó bá yín kọ ọ́."

Ẹ̀rín tán. Akínwálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa kọ orúkọ mi."

"Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀."

Akínwálé yíjú sí Martha lójú gbogbo ará ilé rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Màá fèsì kúẹ́rì náà nísinsìnyí." Ó fọwọ́ wá àpò rẹ̀ títí. Olùkọ́ ni, kò ní bírò.

Martha ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó yọ bírò tirẹ̀ nínú báàgì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ gbà, ọkọ mi. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ yín síbẹ̀, gbàgàdà."