Agbálùmọ̀ Tí Látúnjí Fi Wá Ìyàwó

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé, "Ojú kì í jẹ agbálùmọ̀, ẹnu ní í jẹ ẹ́"? Ẹ sún mọ́ mi dáadáa.

Látúnjí ará Òkè-Agbọn ló fà á. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n ẹwà ló ń sìn. Bí iṣu bá wọ́, kò ní jẹ ẹ́. Bí ata bá ní àmì dúdú kan péré lára, adìẹ ni yóò jù ú fún. Nígbà tó wá rí Ìbídùnní ọmọ Ọdẹ́yalé, oorun dá lójú rẹ̀. Orí bá a ṣe é, Ìbídùnní náà fẹ́ ẹ. Ó ku bàbá ọmọ.

Ọdẹ́yalé, àgbà ọdẹ, ní òun kò bèèrè ohun ńlá. "Mú agbálùmọ̀ wá fún èmi àti àwọn ẹbí mi. Bó bá tẹ́ wa lọ́rùn, n ó fún ọ lọ́mọ."

Kíá, Látúnjí ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá Dúró tó ń ta èso. Ìyá gbé agbọ̀n kan síwájú rẹ̀. Èso inú rẹ̀ hunjọ bí ojú arúgbó, èèpo òmíràn ti sán.

"Èyí ló fúnra rẹ̀ já bọ́ látorí igi, ọmọ mi. Oyin ni. Gba ọ̀kan, tọ́ ọ wò."

"Ìyá, kí n gbé eléyìí lọ síwájú àna? Ṣé ẹ fẹ́ kí n dàgbà láìníyàwó ni?"

Ó nawọ́ sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, tó ń dán, tó pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́.

"Ìyẹn ò tíì gbó o!" ni ìyá wí.

Látúnjí ò gbọ́. Ó rà á délé, ó tún fi òrí pa wọ́n lára títí èèyàn fi lè wo dígí nínú wọn.

Nílé àna, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo ẹbí kan sáárá sí èso náà. Ọdẹ́yalé gé ọ̀kan jẹ. Ojú ọ̀tún rẹ̀ pa dé. Tòsì tẹ̀lé e. Etí rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n àgbà kì í tu oúnjẹ àlejò dànù, ló bá gbé e mì, ó sì rọra mi orí. Àwọn ẹbí rò pé adùn ló mú un dijú. Ni kálukú bá gé tirẹ̀ jẹ!

Áà! Ètè gbogbo wọn kó jọ bí ẹnu àpò tí a fa okùn rẹ̀. Oje èso náà sì lẹ ètè wọn pọ̀. Ọdẹ́yalé fẹ́ sọ pé, "Ẹ bu omi wá," ohun tó jáde ni, "Fùùùìì!" Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bèèrè ohun tó ṣe é. "Fùùìì!" Àwọn àbúrò rẹ̀ ń ké pe Ọlọ́run. "Fùùìì! Fùùìì!"

Bẹ́ẹ̀, súfèé ni àwọn ọdẹ fi ń pe ajá wọn. Gbogbo ajá ọdẹ Òkè-Agbọn gbọ́, wọ́n ya wọlé bí àgbàrá òjò. Wọ́n wá ẹran títí, wọn ò rí nǹkan kan àfi Látúnjí tí òórùn òrí gba ara rẹ̀ kan. Ó fò sórí òrùlé! Bí Ọdẹ́yalé ṣe ń lé àwọn ajá, bẹ́ẹ̀ ni súfèé ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ajá ń pọ̀ sí i. Àwọn ọdẹ fúnra wọn sáré tẹ̀lé ajá wọn dé, tìbọn-tìbọn.

"Níbo ni ẹkùn náà wà?"

Gbogbo ẹbí nawọ́ sí agbọ̀n agbálùmọ̀. "Fùùùìì!"

Ìbídùnní nìkan ni kò jẹ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó wá gbé epo pupa jáde, ó fi pa ètè bàbá rẹ̀, ẹnu là. Látúnjí ṣì wà lókè òrùlé.

"Sọ̀kalẹ̀, àna mi," ni Ọdẹ́yalé wí. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọdẹ, n kò rí ẹni tó fi èso lásán kó gbogbo ọdẹ ìlú jọ rí. Mo fún ọ lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ojú kì í jẹ agbálùmọ̀, ẹnu ní í jẹ ẹ́. Láti òní lọ, ìyàwó rẹ ni yóò máa lọ sọ́jà!"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn ọdẹ tó di ìhámọ́ra ogun wá bá èso jà ló gbé ọ̀rọ̀ náà délé, àwọn ọmọ wọn gbé e lọ sóko, oko gbé e dé ọjà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí èyí tó ń dán lórí àtẹ, tó ń rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ojú kì í jẹ agbálùmọ̀, ẹnu ní í jẹ ẹ́.