Ohùn Àgbáyé àti Àwo Tó Ń Fò

Bí ìgbéraga bá jẹ́ ẹrù, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ni ìbá kó ti ọkùnrin yìí délé, ẹrù á sì tún ṣẹ́kù sílẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù tipẹ́. Ohùn Àgbáyé ló sọ ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán rẹ̀, ó kọ ọ́ sára ife tíì rẹ̀, ó tún kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ má baà gbàgbé ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lójú rẹ̀. Tó bá ti kẹ́yìn, àmì orí ọ̀rọ̀ náà á yí díẹ̀, á di Ohùn Àgbàyà.

Ká má purọ́, ohùn ń bẹ. Ohùn náà jìn bíi kànga. Ìkéde òkú ló fi bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, àwọn èèyàn a sì máa sọ pé bó bá kéde òkú ẹni, òkú náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jí wá gbọ́ ọ. Ibi tí wàhálà ti dé ni pé òun náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà ló ti máa ń ya irùngbọ̀n rẹ̀ kó tó dáhùn fóònù.

Ó ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kámẹ́rà. Eré kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn obìnrin yìí: gọ́ọ̀fù aláwo. Àwo rọ́bà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ta á dípò bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń ta á á ju àwo náà gba àárín igi kọjá, á tún jù ú láti ibi tó bá balẹ̀ sí, títí yóò fi wọ inú apẹ̀rẹ̀ irin kan tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n wẹẹrẹ mọ́ lórí. Apẹ̀rẹ̀ méjìdínlógún ni. Ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí.

Eré náà rọrùn-ún wò lójú, ṣùgbọ́n láti fi í hàn lórí ẹ̀rọ, iṣẹ́ ńlá ni. Pápá bọ́ọ̀lù ní igun mẹ́rin, kámẹ́rà tó bá dúró sójú kan lè rí gbogbo rẹ̀. Inú igbó ni eléyìí wà. Àádọ́rin èèyàn lè máa ju àwo lẹ́ẹ̀kan náà níbi méjìdínlógún. Àwo ọ̀hún kéré, ó ń sáré ju ọkọ̀ lọ, ẹlòmíì tún lè mú aláwọ̀ ojú ọ̀run wá. Kámẹ́rà kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó ń jù ú, òmíràn gbọ́dọ̀ wà níbi tó máa balẹ̀ sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í fẹ́ràn abẹ́ igi. Obìnrin yìí nìkan ni àwo kì í bọ́ mọ́ lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ojú Àwòdì.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ káfíńtà ni wọ́n jọ ń ṣe é. Wọ́n á ya eré náà, wọ́n á gé e, wọ́n á tò ó, tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo ń fún wọn lówó táṣẹ́rẹ́ kí wọ́n lè máa dárúkọ òun. Owó náà kò lè kọ́lé, ṣùgbọ́n ogójì ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wò ó.

Ọjọ́ kan tí gbogbo ẹbí ń jẹun nílé ìyá wọn àgbà, ó ṣèèṣì dárúkọ ogójì ẹgbẹ̀rún yìí. Ohùn Àgbáyé gbé ṣíbí kalẹ̀. Kò béèrè bí wọ́n ṣe ń ta eré náà. Ó béèrè iye tí wọ́n ń san.

"Wọn ò san nǹkan kan, Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ogójì ẹgbẹ̀rún èèyàn," ni Ohùn Àgbáyé wí, ó sì rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìkéde òkú. "Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún ojú. O wá jẹ́ kí gbogbo ojú yẹn wòran lọ́fẹ̀ẹ́."

Kí oṣù tó tán, ó ti lọ bá ẹgbẹ́ àwọn atàwo, ó ra ẹ̀tọ́ láti máa fi eré wọn hàn lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ta á lọ́wọ́, fún ọdún mẹ́ta, òun nìkan ṣoṣo, ẹlòmíì kò sì gbọdọ̀ fi í hàn mọ́. Ọ̀fẹ́ parí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó máa sanwó lóṣooṣù. Káfíńtà padà sídìí pákó rẹ̀. Ojú Àwòdì ní tirẹ̀ kò ríbi lọ, nítorí bí kò bá tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di kó máa ya fọ́tò pélébé fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìwé ìrìnnà. Ó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kìlọ̀ fún un o. Ó ní ìnáwó eré ojú ẹsẹ̀ ju ti ọjọ́ kejì lọ nílọ̀ọ́po mẹ́wàá. Ó ní àwọn tó ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní bá wọn dé ìdí owó. Ó wá fi kún un pé a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má fi òwe dí òun lọ́wọ́.

"Wọn ò tíì gbọ́ ohùn mi níbẹ̀ ni," ló wí.

Wọ́n gbọ́ ọ. Ẹgbẹ̀ta èèyàn ó lé méjìlá ló sanwó lóṣù kìíní. Lóṣù kejì, ó lọ sílẹ̀.

Ọ̀gá bá yọ ọ̀bẹ. Kámẹ́rà mẹ́jọ di márùn-ún, márùn-ún di mẹ́ta. Ó ta kámẹ́rà tó ń fò lókè. Ó lé ẹni tó máa ń tẹ bọ́tìnnì tó ń yan àwòrán kámẹ́rà tí ayé máa rí, ó ní òun náà ní ìka. Ó lé atàwo àtijọ́ tó ń ṣàlàyé eré náà, ó jókòó sípò rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló gé, àfi àga rẹ̀ tó ń yí po, tó ní ibi ìgbórílé.

Ẹni tó sì jókòó yìí, kò mọ nǹkan kan nípa eré náà. Bí àwo bá kọlu igi, á ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Bó bá já sódò, á ní ẹni náà ń fún àwo rẹ̀ mumi. Ìwé ìdúpẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rí gbà lọ́dún náà, ọjọ́ tí ohùn já tó ku àwòrán nìkan ni.

Obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ àwo, àgbàlagbà kan tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Àwo, wá béèrè iye èèyàn tó ń wò wọ́n. Ohùn Àgbáyé dáhùn pé igba ẹgbẹ̀rún, ojú rẹ̀ kò sì yẹ̀. Ojú Àwòdì wà níbẹ̀. Ikọ́ gbé e. Nígbà tí àlejò lọ, ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ibi tó ti rí igba ẹgbẹ̀rún. Ọkùnrin náà ní òun ka ẹni tó sanwó, ìyàwó ẹni náà, ọmọ rẹ̀, àlejò rẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀bá fèrèsé rẹ̀ kọjá. Ó ní ìṣirò àwọn àgbà nìyẹn. Ó tún rán an létí pé ẹbí kì í tú àṣírí ẹbí, ọ̀rọ̀ náà sì dun Ojú Àwòdì wọ egungun, nítorí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni.

Ìyá Àwo ní òun máa wá wo àṣekágbá fúnra òun, pé níbẹ̀ lòun ti máa tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn owó ìpolówó ọdún méjì. Inú Ohùn Àgbáyé dùn débi tó fi ra kóòtù funfun. Ó gbé ojú àwòrán kan bíi ti sinimá, tó ga tó ilé, sí ìtòsí apẹ̀rẹ̀ ìkẹyìn, ó to àga síwájú rẹ̀. Kí gbogbo àga lè kọjú sí àwòrán, ó di dandan kí wọ́n kẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ yàrá onígíláàsì kékeré fún ara rẹ̀ àti bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Nínú kámẹ́rà mẹ́ta tó ṣẹ́kù, ó mú ọ̀kan fún ojú ara rẹ̀, ó sì pàṣẹ fún ẹni tó dì í mú pé kó má ṣe gbé e kúrò lára òun, ibi yòówù kí òun lọ.

Ojú Àwòdì ní méjì kò lè gbé eré náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀.

"Àwo ń kọjá lọ ni," ló wí. "Èmi ni wọ́n ń sanwó wò."

Ọjọ́ pé. Èrò kún. Nígbà tí wọ́n máa fi dé apẹ̀rẹ̀ kejìdínlógún, èèyàn méjì ló ta ọ̀mì. Ọ̀kan ni géńdé kan tí wọ́n ń pè ní Òpó Iná nítorí gíga rẹ̀. Èkejì ni obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ áńbúláǹsì, tó ti ṣe ipò kejì fún ọdún mẹ́ta gbáko, débi tí ọmọ rẹ̀ fi rò pé Ipò Kejì lorúkọ eré náà. Òpó Iná ju tirẹ̀, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó ku ìjù kan. Awakọ̀ náà wà lẹ́yìn igi, ó tó àádọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ sí apẹ̀rẹ̀. Àfi kó jù ú wọlé tààrà kó tó lè borí.

Ojú Àwòdì wà nídìí kámẹ́rà rẹ̀ lẹ́bàá apẹ̀rẹ̀. Ó rí i tí obìnrin náà nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, tó gbọn apá. Ó jù ú. Àwo ròkè, ó kọjá lórí igi, oòrùn gbá a mú, ó tẹ̀ sí òsì, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ojú Àwòdì yí kámẹ́rà sí i. Ó bá a lọ láti òkè dé ilẹ̀, kò sì bọ́ mọ́ ọn lójú, títí ẹ̀wọ̀n fi ró woroworo tí àwo jókòó sínú apẹ̀rẹ̀.

Lásìkò yẹn gan-an, ihò imú Ohùn Àgbáyé ló gba gbogbo ojú àwòrán. Ó ń ṣàlàyé ẹ̀dínwó tó wà fún ẹni tó bá san ti ọdún kan pọ̀.

Àwọn èrò gbọ́ ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn wọn. Wọ́n yí padà, wọ́n rí àwo nínú apẹ̀rẹ̀, wọn ò rí bó ṣe débẹ̀. Ariwo sọ. Ohùn Àgbáyé gbọ́ ariwo náà, ó rò pé ẹ̀dínwó ló dùn mọ́ wọn. Ó dìde, ó fọwọ́ sáyà, ó tẹríba lẹ́ẹ̀mẹta. Orí ojú àwòrán náà lẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó ga tó ilé ló ń tẹríba níbẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n ti gbé awakọ̀ náà sókè. Ó sáré jáde, ẹ̀rọ gbohùngbohùn há sí kóòtù rẹ̀, oníkámẹ́rà kẹta sì ń tẹ̀lé e kíkankíkan gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Gbogbo ohun tó sọ ni èrò gbọ́. Ó bẹ awakọ̀ pé kó padà sẹ́yìn igi, kó tún un jù, kó ṣe bíi pé òun kò tíì jù ú rí.

Awakọ̀ ní kí wọ́n gbé òun kalẹ̀ ná.

"Ọ̀gá, mo ti gbé aboyún dé ilé ìwòsàn rí," ló wí. "Bó bá bímọ tán, a kì í ní kó tún un bí nítorí pé onífọ́tò pẹ́ dé."

Ìyá Àwo dìde lórí àga rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, mélòó lẹni tó ń wò wọ́n lọ́wọ́ yìí? Ohùn Àgbáyé ní igba ẹgbẹ̀rún, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àwo gbójú kúrò lára rẹ̀. Ojú Àwòdì ló yíjú sí.

"Ọmọ mi, ìwọ ńkọ́?"

Ojú Àwòdì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà ń fi ojú sọ̀rọ̀ ẹbí. Ó rántí àwo tó kọjá lórí igi, tí ẹnikẹ́ni kò rí nínú ayé àfi òun nìkan, ó sì rí i pé òun kò lè gbé ìyẹn jẹ.

Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. "Igba ó lé mẹ́ta ni, mà. Ẹgbẹ̀rún ni mi ò rí níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń wó. Ìyá Àwo ká ìwé àdéhùn rẹ̀, ó tì í bọ àpò, ó wá béèrè lọ́wọ́ Ojú Àwòdì bóyá ó rí àwo náà yà. Obìnrin náà ní òun rí i látòkè délẹ̀. Ó bọ́ sínú yàrá onígíláàsì, ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì.

Ojú Ohùn Àgbáyé kúrò lórí ojú àwòrán. Awakọ̀ náà yọ níbẹ̀, ó ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. Gbogbo èrò na ọrùn. Ohùn Àgbáyé sáré lọ dúró síwájú àwòrán náà gan-an, ó na apá méjèèjì, ó fẹ́ ṣàlàyé bí òun ṣe ṣètò rẹ̀, àwo sì gba orí kóòtù funfun rẹ̀ kọjá.

"Bàbá," ni ẹnì kan wí látẹ̀yìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ń dí wa lójú."