Ilé Mi Ni Bẹ́ńṣì Kẹrìnlá

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tí èmi tí mo ti ń ṣọ́nà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Obìnrin kan ló pe ọ̀gá ìjọba lẹ́jọ́ pé ó jí ilé òun gbé. Kò ní ó wó o, kò ní ó tà á. Ó ní ńṣe ló jí i, tó fi ọkọ̀ gbé e lọ.

Ìyá Abẹ́rẹ́ là ń pe obìnrin náà. Aṣọ tó ya ló ń bá wa rán. Ṣòkòtò tí kò tíì lẹ̀ nídìí kò pọ̀ ní àdúgbò yìí. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ọ̀gá Ẹwà, olórí ọ́fíìsì tó ń mójú tó ẹwà ìlú. Bàtà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí imú ara mi nínú rẹ̀ nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò kí mi. Mo ti fi ìyẹn sínú.

Kábíyèsí jókòó, àwọn ìgbìmọ̀ náà jókòó. Wọ́n ní kí Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ tẹnu rẹ̀.

"Kábíyèsí, kí ẹ̀mí yín gùn. Ilé mi ni mò ń wá."

"Níbo lo ti rí i kẹ́yìn?"

"Iwájú ilé búrẹ́dì ni. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní."

Àgbà ìgbìmọ̀ kan tó ti ń tòògbé lajú. "Ilé wo ló ń ní ẹsẹ̀?"

"Bẹ́ńṣì ni, baba. Bẹ́ńṣì kẹrìnlá. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé orí rẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé tí mo háyà yàrá sí, tí wọ́n fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọkọ̀ ló ń sùn síbi tí mò ń sùn tẹ́lẹ̀. Mi ò bá ọkọ̀ jà."

Ọ̀gá Ẹwà bú sẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí, ẹ ò gbọ́ nǹkan? Bẹ́ńṣì! Ìjókòó ni ìjọba ṣe é fún."

"Ó máa kàn ọ́," ni Kábíyèsí wí. "Ìyá Abẹ́rẹ́, ta ló sọ fún ọ pé ilé ni?"

"Ìjọba náà ni. Mo lọ gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún ẹni tí kò nílé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, 'Níbo ni ilé yín wà? Ẹ sọ àdírẹ́ẹ̀sì.' Mo ní bí mo bá nílé, kí ni mo wá ṣe lọ́dọ̀ yín? Akọ̀wé ní fọ́ọ̀mù kì í gba òfo, pé ẹni tí kò bá nílé kò lè tọrọ ilé. Mo bá ní kó kọ ibi tí mò ń sùn. Ó kọ ọ́: Bẹ́ńṣì Kẹrìnlá, Iwájú Ilé Búrẹ́dì. Ó lu òǹtẹ̀ lé e."

Ó fa ìwé náà yọ láti àyà rẹ̀. Kábíyèsí wò ó, àwọn ìgbìmọ̀ wò ó. Òǹtẹ̀ pupa ni lóòótọ́.

"Ta ló fún bẹ́ńṣì ní nọ́ńbà?"

"Ọ́fíìsì Ọ̀gá Ẹwà ni, Kábíyèsí. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀."

Ẹ̀rín Ọ̀gá Ẹwà dín díẹ̀.

"Kí ló wá lé ọ níré tí o fi ní òní la gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ yìí?"

Ìyá náà gba ìwé rẹ̀ padà. "Ilé mi ti yọ, Kábíyèsí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, lẹ́tà rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń fi lẹ́tà náà lé, ní àdírẹ́ẹ̀sì ẹni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbé e wá. Bí wọn ò bá bá àdírẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀kẹta, orúkọ mi máa bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mejì ti lọ. Ọ̀la, laago mẹ́wàá, ni ìkẹta. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Bí mo bá tún dúró fún ọdún mẹ́fà míì, pósí ni wọ́n máa fún mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, èmi tí iṣẹ́ mi kò ju ilẹ̀kùn ṣíṣí lọ.

"Ọ̀gá Ẹwà, ṣé ìwọ lo gbé bẹ́ńṣì?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ìfẹ́ ló sún mi ṣe é."

"Ìfẹ́ ta ni?"

"Ìfẹ́ ìyá yìí ni. Ohun tí kì í jẹ́ kí irú wọn wá ilé ni bẹ́ńṣì. Ó tù wọ́n lára jù. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ara máa ni ín, á lọ kọ́lé."

"Abẹ́rẹ́ ló máa fi kọ́ ọ?"

"Ìyẹn ò sí lábẹ́ ọ́fíìsì tèmi."

"Ó dáa. Aláìnílé mélòó ló wà nílùú yìí?"

"Kò sí ẹyọ kan, Kábíyèsí. A ti kà wọ́n. Ojúlé dé ojúlé la lọ. A kan ilẹ̀kùn, a bi wọ́n pé, 'Ṣé ẹ nílé?' Gbogbo ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wa ló ní àwọn nílé."

Àgbà ìgbìmọ̀ yẹn tún lajú. "Ẹni tí kò ní ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"A ò bá onítọ̀hún nílé, baba."

Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu, ó wúkọ́ títí. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, wọ́n pe Oníbúrẹ́dì, ẹlẹ́rìí Ọ̀gá Ẹwà. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Oníbúrẹ́dì, ṣé ìyá yìí ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

"Rárá o! Mi ò rí i níbẹ̀ rí."

"Ìwé ẹ̀sùn méje lo kọ sí ọ́fíìsì Ẹwà. Kí lo fi sùn?"

"Híhanrun rẹ̀ ni, Kábíyèsí! Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Oníbàárà mi á dé òdìkejì, á yà. Òun ni mo ṣe máa ń da omi sí bẹ́ńṣì yẹn ní ìrọ̀lẹ́."

"Ẹni tí o kò rí rí lò ń da omi lé lórí?"

"Bẹ́ńṣì ni mo dà á sí. Ẹni tó bá bá a níbẹ̀ ló fara gbà á."

"Inú rẹ á ti dùn báyìí tí wọ́n gbé e lọ."

Oníbúrẹ́dì họrí, ìyẹ̀fun bọ́ sílẹ̀. "Wọ́n ti fọ́ wíńdò mi lẹ́ẹ̀mejì láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ìyá wà níbẹ̀, olè kì í..."

"Ìyá tí kò sí níbẹ̀?"

"Kábíyèsí, mo fi búrẹ́dì sínú iná, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Baba Onílẹ́tà ló kàn. Ó di àpò rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun.

"Mo gbé lẹ́tà dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Kábíyèsí. Ihò mẹ́rin ni mo bá nílẹ̀. Òfin ní kí n kan ilẹ̀kùn, kò sí ilẹ̀kùn, mo bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀."

"Ìyá Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Ó dúró lórí ihò náà. Ó ní òun nìyí. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ rán ṣòkòtò tí mo wọ̀ yìí. Ẹ̀yin wà nílé, àdírẹ́ẹ̀sì yín ló jáde."

"O ò sì fún un?"

"Ó ku ọdún kan kí n fẹ̀yìn tì, Kábíyèsí. Ẹ má jẹ́ kí n rí ogun àgbà."

Kábíyèsí béèrè awakọ̀ tó gbé bẹ́ńṣì. Kí ọmọkùnrin náà tó la ẹnu, Ọ̀gá Ẹwà ti gbà á sọ: "Ààtàn la gbé e lọ. Ó ti jẹrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni awakọ̀ wí, "ààtàn ni."

"Ààtàn wo?"

"Èyí tó ní géètì aláwọ̀ ewé."

"Ààtàn ní géètì?"

"Ó tún ní òdòdó, Kábíyèsí. Ìyàwó Ọ̀gá ló ṣí i fún wa. Ó ní ká gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, ká dojú rẹ̀ kọ atẹ́gùn. Wọ́n tún fún wa lómi tútù."

"Bẹ́ńṣì tó ti jẹrà?"

"Pákó rẹ̀ le ju ti bẹ́ẹ̀dì mi lọ."

Ààfin dàrú fún ẹ̀rín. Ọ̀gá Ẹwà wo awakọ̀ bíi kó gbé e mì. Ó nahùn: "Mò ń bá ìlú tọ́jú rẹ̀ ni! Àti pé, Kábíyèsí, bẹ́ńṣì kì í ṣe ilé. Ká ní ilé ni, mi ò bá ti fún un ní ìwé àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí n tó ṣí i nídìí. Ohun tí òfin wí nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo kọ òfin náà."

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín báyẹn, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Wọ́n bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì dájọ́.

"Ọ̀gá Ẹwà, ìjọba ti lu òǹtẹ̀ pé ilé ni bẹ́ńṣì kẹrìnlá, ìwọ lo sì fún un ní nọ́ńbà. Ta ni wá tí a ó fi bá òǹtẹ̀ jiyàn? Ilé ni. Ẹni tó bá sì gbé ilé onílé wá sínú àgbàlá ara rẹ̀, ó ti gba onílé lálejò nìyẹn. Ìyá Abẹ́rẹ́, lọ bá ilé rẹ. Láti òní lọ, abẹ́ igi máńgòrò ni ò ń gbé. Baba Onílẹ́tà, o ti mọ ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì wà."

Ọ̀gá Ẹwà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí! Màá dá a padà lónìí yìí! Orí mi ni màá fi rù ú!"

"O ò gbọdọ̀ ṣí i nídìí. Ó di àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìwọ lo kọ òfin náà."

"Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Sọ fún un pé ìfẹ́ ló sún ọ ṣe é. Òmíràn: ilé búrẹ́dì ní òrùlé tó yọ síta tó ń bò ó lọ́wọ́ òjò. Kò sí irú rẹ̀ lágbàlá rẹ. Bí òjò bá ṣú, ìwọ ni yóò di agboòrùn mú lé e lórí, lórí ìdúró. Oníbúrẹ́dì yóò sì máa gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ fún un láràárọ̀, nítorí omi tó dà sí i lára."



Mo tọrọ àyè láàárọ̀ yìí, mo lọ wòran. Òjò ń rọ̀. Ọ̀gá Ẹwà dúró tòun ti agboòrùn, òun fúnra rẹ̀ tutù rinrin. Laago mẹ́wàá géérégé, Baba Onílẹ́tà dé, ó kan bẹ́ńṣì lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi lẹ́tà lé Ìyá Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ìyá náà ní kí Ọ̀gá bá òun kà á.

"A fọwọ́ sí ilé yín. Ẹ máa retí kọ́kọ́rọ́ láàárín ọdún méjì."

Ìyá Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀. "Ọdún méjì. Ó dáa, mo ti ń dúró tipẹ́." Ó mú abẹ́rẹ́, ó ń ki òwú bọ̀ ọ́.

Ọ̀gá Ẹwà wo ojú ọ̀run, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró ní ojú fèrèsé. Ó ju agboòrùn sí mi lọ́wọ́, ó sáré gba ọ́fíìsì tó ń pín ilé lọ láìwọ bàtà. Kí aago kan tó lù, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ dé, ó tún mú ẹni tó máa ru ẹrù ìyá náà dání. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, ó ní ẹ̀rọ omi, ó ní ilẹ̀kùn. Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ó tì í, ó tún ṣí i, ó tún tì í, ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Èmi aṣọ́nà, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn dùn tó báyẹn.

Nígbà tí mo padà sí ẹnu iṣẹ́ mi, aláìnílé mẹ́tàdínlógún ló ti tò sí ẹnu ọ̀nà ààfin, kálukú gbé bẹ́ńṣì ìjọba rù. Ẹni tó wà níwájú kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ilé àwọn ọ̀gá tó kù dà?"