Aṣọ Ẹni Tí Kò Tíì Kú

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, aṣọ ló gbé e wá. Èmi tí mo ń kọ̀wé fún ìgbìmọ̀ Baálẹ̀ wa ní ẹ̀yìn Ṣógúnlé níbí, mo ti kọ ẹjọ́ ewúrẹ́, mo ti kọ ẹjọ́ ààlà ilẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹjọ́ tí olùpẹjọ́ ti ní láti kọ́kọ́ fi hàn wá pé òun wà láàyè.

Olùpẹjọ́ ni Olúbọ̀wálé Fákúnlé, akọ̀wé ìjọba, ọmọ Èkìtì. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀, olùkọ́, tó pọn Fúnmiláyọ̀ ọmọ wọn wá. Baálẹ̀ Abórìṣàdé jókòó, Ọ̀tún jókòó tì wọ́n, àwọn aládùúgbò sì kún ẹnu ọ̀nà bámúbámú.

"Fákúnlé, kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?" Baálẹ̀ béèrè.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọ́fíìsì rán mi lọ kọ́ọ̀sì n'Íbàdàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé ní Òṣòdì lọ́jọ́ Sátidé, ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí ni Gàfárù tí a jọ ń gbélé. Mo kí i. Ó ké 'Yéè!', ó ju ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ó fo irin reluwé, ó sá lọ."

"Kí ló dé?"

"Ó ní àkúdàáyà ni mí."

Ọ̀tún rọra sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mo délé, wọ́n ń kí ìyàwó mi kú ará fẹ́ra kù. Mo dé ọ́fíìsì, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga mi. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi, háńgà nìkan ló kù níbẹ̀. Ìyàwó mi ti pe ẹbí jọ lọ́jọ́ ìsinmi, ó tẹ́ ẹní, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà sí, láti orí ẹ̀gbọ́n bàbá mi títí kan àbúrò mi, ó pín aṣọ mi! Ìwé tó fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló mú lọ́wọ́, ó ń pe àwọn àgbà ilé wa, wọ́n ń dáhùn 'présẹ́ǹtì mà'! Baálẹ̀, ta ni kò mọ̀ pé aṣọ òkú nìkan ni wọ́n ń pín bẹ́ẹ̀?"

"Èèwọ̀!" ni gbogbo ẹnu ọ̀nà pa pọ̀ wí.

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kí gbogbo aṣọ mi padà sí yàrá mi. Kí ẹyọ kan má dín."

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. "Ẹ̀yin bàbá mi, lọ́jọ́ tí aṣọ yẹn bá wọlé, èmi àti ọmọ yìí á jáde. Yàrá kan ṣoṣo la ní. Kò lè gba àwa àti wọn."

Ibi tí ẹjọ́ náà wà gan-an nìyẹn. Mo fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé mi.

"Ṣé òótọ́ ni pé o pín aṣọ ọkọ rẹ?"

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀."

"Nígbà tí kò kú?"

"Òun kò kú. Aṣọ náà ló kú. Láti ìgbà tí owó Údojì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́, ti jáde ló ti ń ra aṣọ lóṣooṣù. Léèsì, gínnì, ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó, ṣòkòtò tí wọ́n ń pè ní Keep Lagos Clean, tí ẹnu rẹ̀ ń gbá gbogbo ilẹ̀ Òṣòdì. Kọ́bọ́ọ̀dù kún, ó ta okùn mẹ́rin sínú yàrá. Okùn kún, ó tẹ́ ìyókù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lèmi àti ọmọ ń sùn. Ọmọ ń húkọ́, aṣọ ń sun oorun tiẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì! Aṣọ tí wọn ò wọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, tó kàn na gbalaja síbẹ̀, kí lẹ máa pè é bí kì í ṣe òkú? Wọn kì í fi òkú pẹ́ nílé. Mo bá pe ẹbí."

"Wọ́n ní o tún gbàdúrà," Ọ̀tún sọ.

"Mo gbàdúrà fún aṣọ, sà. Kí ó sinmi. Kí àwa náà sinmi."

Ẹ̀rín pa wá. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi ìwé bojú, nítorí nígbà Údojì yẹn náà ni mo ra bàtà gíga kan tó ti ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí n kò sì lè jù nù.

Wọ́n pe Gàfárù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ru ẹrù ní ìdí reluwé.

"Gàfárù, ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín aṣọ?"

"Mi ò sí níbẹ̀, Baálẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa aṣọ."

"Ṣòkòtò ta lo wọ̀ yẹn?"

Gàfárù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹnu ṣòkòtò náà fẹ̀ débi pé a kò rí bàtà rẹ̀.

"Ó jọ pé mo gba ibẹ̀ kọjá díẹ̀."

"O kì í ṣe ẹbí. Kí ló gbé ọ débẹ̀?"

"Mo ní kí n bá wọn kẹ́dùn."

"Kẹ́dùn ta?"

"Ẹni tó kú."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Baálẹ̀. Mo mọ̀ pé kò kú."

"Kí lo wá ń sá fún ní Òṣòdì?"

"Mo rò pé ṣòkòtò ló fẹ́ gbà ni."

Wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n pe Ìyá Lará, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti tọkọtaya náà.

"Ìyá Lará, kí lo rí?"

"Ha, Baálẹ̀, aṣọ ọkùnrin yìí ti pọ̀ jù! Àǹtí tíṣà ń jìyà. Òun fúnra rẹ̀ ò ní ju ìró méjì lọ."

"Ìró méjì péré? Olùkọ́?"

"Méjì péré, mo búra. Ìyókù wà lọ́dọ̀ mi."

Abọ́sẹ̀dé ń wo àjà ilé.

"Ìyókù wo?"

"Pọtimáńtò mẹ́ta abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àbí a ò gbọdọ̀ sọ ìyẹn ni?"

"Mẹ́ta!" Olúbọ̀wálé fò sókè. "Ìyá Fúnmiláyọ̀, mẹ́ta!"

"Tèmi ò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín," Abọ́sẹ̀dé dá a lóhùn.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni Babáwálé, àbúrò Olúbọ̀wálé, tó ń lẹ táyà ní Apakun. Agbádá léèsì funfun ló wọ̀ wá, dúdú táyà sì ti ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀ sí igbá àyà rẹ̀.

"Kí lo gba aṣọ yìí fún?" Baálẹ̀ bi í.

"Ogún ni mo pè é, Baálẹ̀. Wọ́n pe orúkọ mi, mo sì dáhùn."

"Ogún ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà láàyè?"

"Mi ò kọ́kọ́ bi wọ́n. Léèsì ni mo ń wò."

Ọ̀tún dá sí i. "Babáwálé, ẹni tó bá jogún aṣọ ọkùnrin, ṣé o mọ̀ pé òun náà ló ń ṣú opó rẹ̀?"

Babáwálé wo Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé wo Babáwálé, ojú tí olùkọ́ fi ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí a tó ṣẹ́jú, agbádá ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n náà ni; ó bọ́ ìyẹn. Ó na ọwọ́ sí bẹ́líìtì.

"Ó tó!" Baálẹ̀ pariwo. "Fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀."

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Baálẹ̀ kọjú sí olùpẹjọ́. "Fákúnlé, ara kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún ọ. Kí lo fẹ́ fi gbogbo aṣọ yẹn ṣe?"

Ohùn tí ọkùnrin náà fi dáhùn lọ sílẹ̀ gan-an.

"Baálẹ̀, nígbà tí bàbá wa kú ní Ìkéré, kò ní aṣọ tí a lè fi tẹ́ ẹ nílẹ̀. Agbádá àyálò la wọ̀ fún un. Kí wọ́n tó kan pósí, ẹni tó ni aṣọ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n bọ́ ọ fún òun. Èmi ni mo bọ́ ọ lára bàbá mi. Mo wá búra pé tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó dé, mo ń rà á, mo ń rà á. Mi ò mọ èyí tó máa tó."

Babáwálé tó dúró láìláṣọ lọ́rùn wolẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Àánú wọn ṣe mí, n kò ní purọ́.

"Ẹ ò sọ fún mi rí," Abọ́sẹ̀dé sọ jẹ́jẹ́.

Baálẹ̀ tún fìlà dé. "Aṣọ mélòó lo gbé lọ sí Ìbàdàn?"

"Mẹ́rin."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣé o rìn níhòòhò?"

"Rárá o. Wọ́n tiẹ̀ ní mo mọ́ tónítóní."

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Aṣọ òkú nìkan ni wọ́n ń pín. Wọ́n ti pín aṣọ. Fákúnlé, ṣé o ti kú?"

"Mi ò kú o, Baálẹ̀!"

"Bí o kò bá kú, aṣọ tí wọ́n pín kì í ṣe tìrẹ. Bó bá sì jẹ́ tìrẹ ni, a jẹ́ pé o ti kú, òkú kì í sì í pẹjọ́. Èwo lo mú?"

Olúbọ̀wálé wo agbádá tó wà nílẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ọmọ.

"Mo wà láàyè."

"Ó dára. Aṣọ mẹ́rin tó bá ọ ti Ìbàdàn dé ni aṣọ rẹ. Ìyókù jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ti kú, a kò mọ̀ ọ́n rí. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un."

"Àmín!" Gàfárù yára dáhùn, ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Abọ́sẹ̀dé! Ìwọ tí o pín aṣọ ọkọ, ìwọ ni opó. Ogójì ọjọ́: ìró kan, bùbá kan. Pọtimáńtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ ní ààfin. Tí ogójì ọjọ́ bá pé, èyí tí o bá lè dárúkọ láìṣí àpótí, òun ni tìrẹ."

"Yéè!" ni Abọ́sẹ̀dé ké. Ìyá Lará ti ń wá ọ̀nà àtijáde.

"N kò tíì parí. Ìwọ àti ọmọ ń padà sórí bẹ́ẹ̀dì lónìí. Fákúnlé, mú ẹyọ kan nínú aṣọ òkú yìí, èyí tí a ó fi sin ọ́. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni yóò wà. Lọ́jọ́ tí o bá lọ, lẹ́yìn tí o bá ti darúgbó, ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yìí ni yóò wá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá wà lórí àga yìí. Kò sẹ́ni tí yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà dè é."

Olúbọ̀wálé bẹ̀rẹ̀, ó gbé agbádá funfun tí àbúrò rẹ̀ bọ́. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ojú dúdú táyà náà, kò lọ. Abọ́sẹ̀dé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́," ó ní. "Tí mo bá fọ̀ ọ́ tán, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún tètè rí i mọ́."

Láàárọ̀ òní, ó ti gbé e wá, ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti lọ̀ ọ́. Baálẹ̀ tì í mọ́ inú àpótí, èmi sì kọ orúkọ Olúbọ̀wálé lé e. Ooru áyọ́ọ̀nù kò tíì kúrò lára rẹ̀ nígbà tí Olúbọ̀wálé fúnra rẹ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ń sọmọ lórúkọ lọ́sàn-án yìí. Ṣé ẹ lè yá mi ní agbádá yẹn, wákàtí méjì péré?"

"O lè wọ̀ ọ́," Baálẹ̀ dáhùn. "Aṣọ rẹ ni. Ṣùgbọ́n tí o bá ti wọ̀ ọ́, a ó sin ọ́. Akọ̀wé, bá mi pe àwọn agbẹ́lẹ̀."

Mo dìde. Kí n tó wá ẹsẹ̀ bàtà mi kejì rí, Olúbọ̀wálé ti dé ìkóríta. Mo rí i nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ náà nínú ṣẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn rẹ̀, ọmọ tí yóò wá gba agbádá náà sì ń sùn léjìká rẹ̀.