Òfin Tuntun Lórí Lẹ́tà Káńsù Òkè-Àgbède

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Àgbède, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀! Alága káńsù ló rán mi!

Ẹ mọ Mọ́ráyọ̀, akọ̀wé tó ń kọ lẹ́tà Alága. Òun ló kọ ọ́ sí ìlú pé, "A ti kọ́ ilé ìwòsàn yín tán." Ó fi àmì sókè, ó fi sísàlẹ̀. Inú bí Alága. "Kòkòrò wo lo tò sórí ìwé mi? Pa wọ́n rẹ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ á yí pa dà."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n dìbò fún?"

Ló bá pa wọ́n rẹ́. Nígbà tí Tísà Fákọ̀yà fẹ́ ka lẹ́tà náà fún ìlú, bó ṣe yé e ló ṣe kà á: "A ti kó ilé ìwòsàn yín tán." Ìlú bojú wẹ̀yìn wo ilé ìwòsàn náà. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ilẹ̀kùn. Páànù ibẹ̀ ń dán lórí ilé adìẹ Alága! Adìẹ ń sùn nínú ilé, aláboyún ń gba nọ́ńbà nínú òjò! Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́: káńsù sọ òótọ́ lónìí!

Mọ́ráyọ̀ ni Alága dá lẹ́bi. Ìdí òfin yìí nìyẹn!

Èkíní: ẹni bá rí "kó" nínú ìwé káńsù, "kọ́" ni kó kà! Mo ní kọ́! Ẹni bá kà á lọ́nà mìíràn yóò ro oko Alága fọ́jọ́ méje!

Èkejì: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbójú sókè níbi ilé adìẹ Alága! Ojú ẹni ni ìtanràn rẹ̀!

Ẹ̀kẹta: Mọ́ráyọ̀ yóò ka ìwé ẹ̀bẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Alága fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́!

Ó sì ti kà á láàárọ̀ yìí. Alága ti kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà, òun náà fi àmì sí i lọ́tẹ̀ yìí: "Alága kò kó ilé ìwòsàn." Mọ́ráyọ̀ wò ó títí. Ó rántí òfin kìíní. Ó ké e jáde ketekete:

"Alága kò kọ́ ilé ìwòsàn!"

Alága sáré wọ ọkọ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti gbé àkàbà lọ sí ilé adìẹ, wọ́n ń tú páànù.

Ẹnu ni mo fi jíṣẹ́ o, n ò kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹni bá ṣì í gbọ́, kó lọ fọ etí rẹ̀!